Rosemary, Ewéko Olóòórùn Etí Òkun Mẹditaréníà

Bí a bá ń ka àwọn igi kéékèèké tí ewé wọn ń tutù yọ̀yọ̀ yípo ọdún, tí òórùn wọn sì máa ń ṣáájú wọn dé ọ̀dọ̀ ẹni, rosemary kò ní gbẹ́yìn, ọmọ bíbí orí àpáta etí Òkun Mẹditaréníà, a-gbóòrùn-má-rọ. Ewé rẹ̀ rí tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́, òkè rẹ̀ ń dán, abẹ́ rẹ̀ sì funfun nítorí irun wẹ́wẹ́ tí kì í jẹ́ kí omi ara rẹ̀ tètè gbẹ. Ẹ fi ọwọ́ ra á, òróró inú rẹ̀ yóò sì ta sánsán. Àwọn àgbà ní omi kò lọ́tàá, ṣùgbọ́n rosemary yọ ara rẹ̀ sọ́tọ̀, nítorí omi tí ó bá dá rogún sí ìdí rẹ̀ a máa jẹ́ kí gbòǹgbò rẹ̀ rà.

Nínú àwọn irú rosemary tí à ń gbìn sí ọgbà, ‘Tuscan Blue’ a máa nàró ṣánṣán pẹ̀lú òdòdó aláwọ̀ aró. ‘Prostratus’ a máa rákò, òun ni mo sì fẹ́ràn jù lórí ògiri. ‘Arp’, tí Madalene Hill, àgbẹ̀ ewéko olóòórùn, rí ní Texas ní 1972, gbóyà sí òtútù. Ní ilẹ̀ Australia, ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹrin, àwọn ènìyàn a máa fi ẹ̀ka rẹ̀ há àyà aṣọ ní ìrántí àwọn ọmọ ogun wọn tí ó ṣubú lójú ogun ní Gallipoli ní ilẹ̀ Turkey, níbi tí rosemary ti ń lalẹ̀ hù.