Ipò Wo Ni Kí Ẹgbẹ́ Kọ́kọ́ Mú?

Bí wọ́n bá fẹ́ pín ẹran nílé Yorùbá, àgbà ló ń kọ́kọ́ nawọ́, àbúrò á dúró títí yóò fi kàn án. Nínú líìgì bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, NFL, wọ́n yí ètò yẹn po. Ẹgbẹ́ tí wọ́n nà jù lọ ní sáà tó kọjá ló ń kọ́kọ́ yan ẹni tó wù ú nínú àwọn ọ̀dọ́ tó ń ti yunifásítì bọ̀. Ẹgbẹ́ tó borí nínú àṣekágbá, Super Bowl, ló ń yàn kẹ́yìn. Draft ni wọ́n ń pe ìṣàyàn náà. Bert Bell, tó ni Philadelphia Eagles nígbà náà, ló dá àbá rẹ̀ ní 1935, torí àwọn ẹgbẹ́ tó rí já jẹ ló ń kó gbogbo ọ̀dọ́ tó mọṣẹ́ lọ, tirẹ̀ sì ń fìdí rẹmi. Ọdún 1936 ni wọ́n ṣe ti àkọ́kọ́. Lónìí, ẹgbẹ́ 32 ló ń yàn, ìyípo méje ni wọ́n sì ń ṣe.

Lóṣù April ọdọọdún, àríyànjiyàn kan náà ló máa ń gba ẹnu àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ tí nǹkan kò ṣẹnuure fún: ipò wo ni kí wọ́n kọ́kọ́ mú? Mo fẹ́ ṣàlàyé bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí gan-an, àti ibi tí mo rò pé ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ti ń ṣìnà.

Fún ẹni tó jẹ́ pé bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá nìkan ló mọ̀: mọ́kànlá ló ń kojú mọ́kànlá níbẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹnì kan ni gbogbo ìkọlù ti ń bẹ̀rẹ̀, òun ni quarterback. Bọ́ọ̀lù á dé ọwọ́ rẹ̀, láàárín bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta á ti pinnu bóyá òun á jù ú síwájú tàbí òun á fi lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Adènà márùn-ún ló dúró níwájú rẹ̀, àwọn géńdé tó sábà máa ń wúwo tó kílò 140, iṣẹ́ wọn ni kí ọ̀tá má fọwọ́ kàn án. Àwọn méjì tó wà ní ìpẹ̀kun òsì àti ọ̀tún ni tackle. Ẹni tó wà láàárín gbùngbùn ni center. Àwọn ahánbọ́ọ̀lù ń sáré lọ síwájú láti hán ohun tó bá jù. Running back ń gbá bọ́ọ̀lù mọ́ àyà, á sì fi èjìká la àárín èrò kọjá. Lápá kejì, àwọn kan wà tí wọ́n ń gba ẹ̀gbẹ́ yọ láti gbé quarterback ṣánlẹ̀, àwọn mìíràn sì ń tẹ̀lé ahánbọ́ọ̀lù bí òjìji.

Bí èèyàn bá wo ìtò yìí lásán, á ní kí ẹgbẹ́ wo ibi tó ń jò lára òrùlé rẹ̀, kó sì dí i. Owó ni kò jẹ́ kó rọrùn bẹ́ẹ̀.

Láti 1994 ni líìgì náà ti fi òdiwọ̀n sí iye tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lè ná sórí àwọn agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ lọ́dún. Ní 2025, ó lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù 279 dọ́là. Olówó kò lè fi agbára owó kó gbogbo ọmọ tó dáńtọ́ jọ. Kí ó tó di 2011, ọ̀dọ́ tí wọ́n bá kọ́kọ́ mú máa ń gba owó tó ń kó ẹgbẹ́ sí wàhálà: ní 2010, St. Louis Rams kọ̀wé àdéhùn ọdún mẹ́fà fún Sam Bradford, mílíọ̀nù 78 dọ́là, mílíọ̀nù 50 nínú rẹ̀ sì dájú fún un kí ó tó ju bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àwọn tó ni ẹgbẹ́ àti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ agbábọ́ọ̀lù fọwọ́ sí àdéhùn tuntun. Cam Newton, tí Carolina kọ́kọ́ mú ní 2011, gba bíi mílíọ̀nù 22 fún ọdún mẹ́rin.

Láti ìgbà yẹn, nọ́ńbà tí wọ́n fi mú ọmọ náà ló ń pinnu owó rẹ̀. Ẹni tí wọ́n mú ṣe ìkẹwàá á gba iye kan náà, ì báà jẹ́ quarterback, ì báà jẹ́ running back. Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ síbí, torí orí rẹ̀ ni gbogbo ohun tó kù tẹ̀dó sí. Lọ́jà, iye wọn kò dọ́gba rárá. Ní 2025, bí ẹgbẹ́ bá fẹ́ lo òfin líìgì láti dá ọmọ rẹ̀ tí àdéhùn rẹ̀ ti tán dúró fún ọdún kan sí i, quarterback á gba bíi mílíọ̀nù 40 dọ́là, adènà bíi mílíọ̀nù 23, running back bíi mílíọ̀nù 13. Dak Prescott ti Dallas ń gba mílíọ̀nù 60 lọ́dún nínú àdéhùn tó fọwọ́ sí ní 2024. Ẹgbẹ́ tó bá wá rí quarterback gidi mú nínú draft ti rí ọjà olówó ńlá rà ní iye pọ́ọ́kú, owó tó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ rẹ̀ á sì tó ra èèyàn mẹ́ta mẹ́rin. Ẹgbẹ́ tó fi àǹfààní kan náà mú running back kò jèrè tó bẹ́ẹ̀, bí ọmọ náà tilẹ̀ jẹ́ ẹ̀bùn láti ọ̀run.

Ọ̀ràn kejì ni bí ẹni tó yẹ ipò kan ṣe ṣọ̀wọ́n tó. Èèyàn tó ga, tó wúwo, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì yá bíi ti oníjó, irú èyí tí ipò tackle ń fẹ́, kò pọ̀ láyé. Àwọn ọmọ méjì tí wọ́n ń jẹ́ orúkọ Yorùbá ló jẹ́ kí èyí yé mi yékéyéké. Olusegun Oluwatimi jẹ́ center ní Michigan. Ní 2022, ó gba ẹ̀bùn Rimington, ti center tó dára jù ní gbogbo yunifásítì, ó sì gba Outland, ti géńdé iwájú tó dára jù, mọ́ ọn. Nígbà tí draft 2023 dé, ìyípo àkọ́kọ́ kọjá, ìkejì kọjá, ìkẹta àti ìkẹrin kọjá. Ìyípo karùn-ún ni Seattle tó pe orúkọ rẹ̀, nọ́ńbà 154. Lọ́dún kejì, Olumuyiwa Fashanu, tackle apá òsì ní Penn State, tí kò gba Outland, ni New York Jets mú ní nọ́ńbà 11. Ipò nìkan kọ́ ló fà á, wọ́n ń wo ọjọ́ orí, wọ́n ń wọn gígùn apá. Síbẹ̀, bí Oluwatimi bá jẹ́ tackle tó gba irú ẹ̀bùn yẹn, mi ò gbà pé yóò dúró pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ohun tó gbé tackle apá òsì ga ni pé ẹ̀yìn quarterback tó ń fi ọwọ́ ọ̀tún jù bọ́ọ̀lù ló ń ṣọ́, níbi tí ojú rẹ̀ kò dé. Ní November 1985, Lawrence Taylor ti New York Giants gba ibẹ̀ bá Joe Theismann, quarterback Washington, ẹsẹ̀ Theismann sì dá. Kò gbá bọ́ọ̀lù mọ́ láéláé.

Láti 2018 dé 2025, quarterback ni wọ́n fi ṣe nọ́ńbà kìíní ní ọdún méje nínú mẹ́jọ. Ọdún 2022 nìkan ló yàtọ̀, nígbà tí Jacksonville mú Travon Walker, ọ̀kan nínú àwọn tó ń gbé quarterback ṣánlẹ̀. Wọ́n ti mú Trevor Lawrence lọ́dún tó ṣáájú, wọn kò nílò òmíràn. Running back tí wọ́n mú ní nọ́ńbà kìíní gbẹ̀yìn ni Ki-Jana Carter ní 1995, iṣan orúnkún rẹ̀ sì já kí sáà àkọ́kọ́ rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀.

Àmọ́ ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Nítorí pé quarterback wọ́n, ẹgbẹ́ tí kò ní á fi ipá mú èyí tó bá rí. Ní 1998, àwọn kan ń jà pé Ryan Leaf sàn ju Peyton Manning lọ. Indianapolis mú Manning, San Diego mú Leaf ní nọ́ńbà kejì, ìtàn ẹni kìíní kò sì jọ ti ẹnì kejì rárá. Oakland mú JaMarcus Russell ní nọ́ńbà kìíní ní 2007. Nígbà tó fi máa di ìparí 2010, kò sí ẹgbẹ́ tó gbà á mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni Tom Brady, tó gba Super Bowl méje, jókòó títí di nọ́ńbà 199 ní 2000. Olùwádìí méjì, Cade Massey àti Richard Thaler, ẹni tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2017, yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Wọ́n to àwọn tó ń gbá ipò kan náà tẹ̀léra bí wọ́n ṣe mú wọn, wọ́n sì rí i pé ẹni tó ṣáájú dára ju ẹni tó tẹ̀ lé e lọ ní ìgbà 52 nínú 100. Kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí kí èèyàn ju owó ẹyọ sókè. Ìdí nìyẹn tó fi ń dùn mí bí mo bá rí ẹgbẹ́ tó kó ìṣàyàn ọdún méjì mẹ́ta fún ẹlòmíràn kó lè bọ́ síwájú mú ọmọ kan.

Bí quarterback bá dára náà, ó fẹ́ ẹni tí yóò dáàbò bò ó. Houston Texans, ẹgbẹ́ tuntun ní 2002, mú David Carr ní nọ́ńbà kìíní, wọ́n sì tì í síta lẹ́yìn àwọn adènà tí kò dúró. Wọ́n gbé e ṣánlẹ̀ ní ìgbà 76 ní sáà kan ṣoṣo. Kò sí ẹni tí irú rẹ̀ tíì ṣẹlẹ̀ sí.

Ti running back, ọ̀rọ̀ Saquon Barkley ni kí ẹ gbé yẹ̀ wò. Giants mú un ní nọ́ńbà kejì ní 2018, nígbà tí quarterback wọn, Eli Manning, ti pé ọdún 37. Barkley kò já wọn kulẹ̀. Ó gba ẹ̀bùn ọ̀dọ́ tó dára jù lápá ìkọlù. Ẹgbẹ́ rẹ̀ borí márùn-ún, wọ́n sì pàdánù mọ́kànlá. Josh Allen, quarterback tó sọ Buffalo di ẹgbẹ́ tí wọ́n ń bẹ̀rù, ṣì wà nílẹ̀ títí di nọ́ńbà keje lọ́jọ́ yẹn. Ní 2024, Eagles ra Barkley lọ́jà ní iye tí kò tó mílíọ̀nù 13 dọ́là lọ́dún, wọ́n fi í sẹ́yìn àwọn adènà tó le bí àpáta, ó sáré yáàdì 2,005, wọ́n sì gba Super Bowl ní February 2025. Bẹ́ẹ̀, ọmọ kan náà ni. Mo gbọ́dọ̀ fi kún un pé Jordan Mailata, tackle apá òsì tó ń ṣínà fún un, ará Australia tó ń gbá rugby tẹ́lẹ̀, ni wọ́n mú ní nọ́ńbà 233. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé àwọn adènà kò sí ní ìsàlẹ̀. Wọ́n wà, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tó ní olùkọ́ àti sùúrù ló ń rí wọn.

Ìpinnu tó le jù ló kojú Cincinnati Bengals ní 2021. Wọ́n ti mú Joe Burrow, quarterback, ní nọ́ńbà kìíní ní 2020. Ní November ọdún yẹn, wọ́n lù ú lulẹ̀, orúnkún rẹ̀ sì bàjẹ́. Nígbà tí April dé, nọ́ńbà karùn-ún ló kàn wọ́n. Àwọn méjì ló wà níwájú wọn: Penei Sewell, tackle tí gbogbo èèyàn gbà pé ó ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, àti Ja'Marr Chase, ahánbọ́ọ̀lù tó ti bá Burrow gbá ní yunifásítì LSU. Ìdajì ìlú ń kígbe pé kí wọ́n dáàbò bo ẹni tí wọ́n ti ná owó lé lórí. Chase ni wọ́n mú. Detroit gba Sewell ní nọ́ńbà keje.

Ní sáà náà, Chase gba yáàdì 1,455, ó sì gba ẹ̀bùn ọ̀dọ́ tó dára jù lápá ìkọlù. Wọ́n gbé Burrow ṣánlẹ̀ ní ìgbà mẹ́sàn-án nínú ìdíje kan pẹ̀lú Tennessee, síbẹ̀ wọ́n borí, 19 sí 16. Wọ́n dé Super Bowl. Níbẹ̀, wọ́n gbé e ṣánlẹ̀ ní ìgbà méje, Aaron Donald ti Los Angeles Rams ló sì dì í mú nígbà tó ń ju bọ́ọ̀lù tí ìrètí wọn so mọ́ gbẹ̀yìn. Rams borí, 23 sí 20. Oṣù kan lẹ́yìn náà, Bengals lọ sọ́jà, wọ́n ra adènà mẹ́ta.

Àwọn kan fi ìyẹn dá wọn lẹ́bi. Èmi ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí Bengals lè rà lọ́jà lẹ́yìn náà, wọ́n rà á. Irú Chase kò sí lọ́jà. Ẹ wo bí owó ṣe sọ ọ́: ọdún mẹ́rin àkọ́kọ́ Chase kò ju bíi mílíọ̀nù 31 dọ́là lọ lápapọ̀. Nígbà tí wọ́n tún àdéhùn rẹ̀ ṣe ní 2025, ó di bíi mílíọ̀nù 40 lọ́dún kan ṣoṣo. Ti Sewell ní Detroit, ní 2024, jẹ́ mílíọ̀nù 28 lọ́dún, iye tó ga jù lọ láàárín àwọn tackle nígbà náà, Detroit sì borí ìdíje 15 nínú 17 ní sáà yẹn pẹ̀lú rẹ̀ níwájú.