Ipò kan ṣoṣo tí Fant àti Hockenson pín ní Iowa: Ariwo sọ, owó sì tẹ̀ lé e

Àwọn àgbà ló sọ pé àgbò méjì kì í mumi nínú igbá kan ṣoṣo. Àmọ́ ní Yunifásítì Iowa, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, àgbò méjì mumi nínú igbá kan lọ́dún 2017 àti 2018. Igbá ọ̀hún ò fọ́, ṣùgbọ́n ariwo tó bá a rìn kì í ṣe kékeré. Noah Fant, ọmọ ìlú Omaha ní ìpínlẹ̀ Nebraska, lorúkọ ọ̀kan. T.J. Hockenson, ọmọ ìlú kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Chariton, ní Iowa níbẹ̀, lorúkọ èkejì. Ọdún 2016 làwọn méjèèjì wọ ilé ẹ̀kọ́ náà, ipò kan náà ni wọ́n ń gbá, ọjọ́ kan náà ni wọ́n sì di olówó.

Kó lè yé ẹni tí kò mọ bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà, kì í ṣe bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ tí Okocha àti Kanu gbá là ń wí o. Èyí tí wọ́n ń fọwọ́ jù, tí wọ́n ń gbé sá, tí wọ́n sì ń kọlu ara wọn bíi pé ìjà ni. Ènìyàn 11 ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń kó sórí pápá. Ẹni tí wọ́n ń pè ní tight end nínú wọn, iṣẹ́ méjì ló wà lọ́rùn rẹ̀. Àkọ́kọ́, yóò fi àyà àti apá dínà mọ́ àwọn alátakò kí ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù lè ráyè kọjá. Ìkejì, yóò sá jáde lọ gba bọ́ọ̀lù tí wọ́n bá jù sí i. Ẹni tó ń gba bọ́ọ̀lù làwọn èrò ìwòran ń pariwo orúkọ rẹ̀. Ẹni tó ń dínà, àfi kóòṣì rẹ̀ ló ń rí iṣẹ́ tó ń ṣe. Ìdí nìyẹn táwọn kóòṣì fi máa ń pààrọ̀ wọn: èyí wọlé, ìyẹn jáde, bí eré bá ṣe fẹ́. Nígbà míì, àwọn méjèèjì á jọ wà lórí pápá. Nígbà míì, ọ̀kan á lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà, á máa wòran.

Lọ́dún 2017, Fant lọkọ. Ó gba bọ́ọ̀lù nígbà 30, ó sì gbé e dé òpin pápá nígbà 11, èyí tí wọ́n ń pè ní touchdown. Ti Hockenson jẹ́ 24, touchdown tiẹ̀ ò ju 3 lọ. Nígbà tí sáà 2018 fi máa bẹ̀rẹ̀, orúkọ Fant ló wà lẹ́nu gbogbo ayé.

Àfi bí nǹkan ṣe yí padà. Hockenson mọ ọ̀nà dí ju Fant lọ, ọwọ́ rẹ̀ sì tún mọ́ bọ́ọ̀lù. Kóòṣì tó bá fẹ́ fi ọ̀kan ṣoṣo sílẹ̀ lórí pápá, ta ló máa fi sílẹ̀? Ẹni tó lè ṣe iṣẹ́ méjèèjì láìjẹ́ káwọn alátakò mọ èyí tó fẹ́ ṣe ni. Bí Hockenson ṣe ń pẹ́ lórí pápá nìyẹn, tí Fant sì ń wọlé, tó ń jáde.

Wọ́n fara dà á nígbà tí Iowa ń borí. Ṣùgbọ́n láàárín October 27 sí November 10, 2018, ìdíje mẹ́ta léra léra ni wọ́n fìdí rẹmi: Penn State nà wọ́n ní 30 sí 24, Purdue nà wọ́n ní 38 sí 36, Northwestern náà tún fi 14 sí 10 lé e. Lọ̀rọ̀ bá dariwo. Àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ ń béèrè pé irú ẹran wo lẹ ní lágbo tẹ́ ẹ so mọ́lẹ̀? Kódà, ọ̀rọ̀ ọ̀hún dé ilé Fant, ẹnìkan nínú ẹbí rẹ̀ bọ́ síta gbangba, ó ní wọn ò lo ọmọ àwọn bó ṣe yẹ. Kirk Ferentz, tó ti wà nídìí iṣẹ́ kóòṣì Iowa láti 1999, ni àgbà ibẹ̀. Brian, ọmọ bíbí inú rẹ̀, ló sì ń darí bí wọ́n ṣe ń kọjú sí òpin pápá àwọn alátakò nígbà yẹn. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé báyìí, àwọn ẹlẹ́nu ò ní í wá ohun tí wọ́n máa sọ tì.

Kì í ṣe ìgbéraga lásán ló ń bí wọn nínú o. Ní 2018, agbábọ́ọ̀lù yunifásítì ò gbọdọ̀ gba owó lórí orúkọ ara rẹ̀. July 2021 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà wọ́n láyè. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n ń wò lójú ni draft, ìyẹn ọjọ́ táwọn ẹgbẹ́ ńláńlá ń fa ọmọ yunifásítì yọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí wọ́n bá tètè fà, owó tiẹ̀ pọ̀. Ẹni tó ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà, kí ló fẹ́ fi han àwọn olówó?

November 23, 2018 ni Fant gbá bọ́ọ̀lù kẹ́yìn fún Iowa, Nebraska, ìpínlẹ̀ tó ti wá, ni wọ́n sì nà ní 31 sí 28. Lẹ́yìn ìyẹn ló ní ó tó gẹ́ẹ́, òun ń lọ síbi draft, òun ò sì ní í gbá ìdíje àṣekágbá tó kù. Hockenson dúró, ó gbá a ní January 1, 2019, Iowa sì fi 27 sí 22 na Mississippi State. Kó tó dìgbà yẹn ló ti gba àmì ẹ̀yẹ Mackey, èyí tí wọ́n ń fún tight end tó dáa jù lọ. Ọmọ Iowa tó gbà á kẹ́yìn kó tó kàn án ni Dallas Clark, lọ́dún 2002.

Ẹ wá wo ìṣirò. Lápapọ̀, yáàdì 1,083 ni Fant fi bọ́ọ̀lù kó jọ ní Iowa. Ti Hockenson jẹ́ 1,080. Yáàdì mẹ́ta péré! Touchdown Fant jẹ́ 19, ti Hockenson jẹ́ 9. Nígbà tí wọ́n dán eré sísá wọn wò, ìṣẹ́jú àáyá 4.50 ni Fant fi sá yáàdì 40, Hockenson fi 4.70 sá a. Síbẹ̀, ní April 25, 2019, Hockenson ni Detroit fà ṣìkẹjọ, Denver wá fa Fant ṣìkejìlélógún kù méjì, ìyẹn ipò 20. Owó ọdún mẹ́rin Hockenson sún mọ́ mílíọ̀nù 20 dọ́là, ti Fant lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù 12. Iṣẹ́ tí ariwo kì í tẹ̀ lé, ọ̀nà dídí, wà lára ohun tó gbé ọ̀kan síwájú èkejì. Bẹ́ẹ̀, kò tíì ṣẹlẹ̀ rí kí tight end méjì láti ilé ẹ̀kọ́ kan náà jáde ní ìpele àkọ́kọ́ draft kan.

Àwọn tó ń sọ pé pípààrọ̀ ba ọjọ́ ọ̀la Fant jẹ́ gbàgbé ẹnìkan: George Kittle. Òun náà gbá ipò yìí ní Iowa láti 2013 sí 2016. Lọ́dún 2014, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló gba bọ́ọ̀lù ní odidi sáà! Nígbà 48 péré ló gbà á kó tó jáde, ìpele karùn-ún draft 2017 ni San Francisco sì ti mú un. Ṣùgbọ́n lọ́dún 2018 kan náà tí wọ́n ń jà nítorí Fant, Kittle kó yáàdì 1,377 jọ, tight end kankan ò kó iye bẹ́ẹ̀ jọ rí ní sáà kan títí dìgbà yẹn.

Ìgbésí ayé wọn lẹ́yìn náà ò dán láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Denver fi Fant ṣe pàṣípààrọ̀ lọ sí Seattle ní March 2022, Detroit náà ta Hockenson fún Minnesota ní November ọdún yẹn. Ní August 2023, Hockenson tọwọ́ bọ̀wé owó tó lé ní mílíọ̀nù 60 dọ́là. Nígbà tó di December 24, orúnkún rẹ̀ já, Detroit tó tà á gan-an ló sì ń bá gbá. Detroit ọ̀hún ti padà lọ sí Iowa láti fa Sam LaPorta ní 2023, tight end lòun náà.

Torí náà, bẹ́ ẹ bá rí ọmọ yín tí kóòṣì mú kúrò lórí pápá, ẹ má tíì fi gègé bọ aṣọ ìjà. Ẹ kọ́kọ́ bi í pé: iṣẹ́ wo ni ẹnìkejì rẹ ń ṣe tí ìwọ ò tíì mọ̀ ọ́n ṣe?