Ẹ̀kú Eégún: Ìrépé Aṣọ Tí A Tò Láìlo Àwòṣe

Òfì, àrán, àdìrẹ, áńkárá àti òwú ìránṣọ

Ẹ̀kú yìí, tí ará ọ̀run kìnkin ń gbé wọ̀ nígbà tí ó bá bẹ ayé wò, kò ní àwòṣe: ojú ni aránṣọ fi wọ̀n ọ́n, bí ìrépé kọ̀ọ̀kan sì ti gùn tó ni ó sọ ibi tí yóò jókòó sí. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Bí ọdún eégún ti ń yí po ni àwọn ọmọ ilé ń fi aṣọ tuntun lé ti àná lórí, láìyọ ti àtijọ́ kúrò, títí ẹtù baba-ńlá yóò fi wà lábẹ́ àrán ọmọ-ọmọ. Ẹ wo etí ìgbàlà pupa yìí: àwọn onígun mẹ́ta tó yí i ká bí eyín ayùn kò dọ́gba, nítorí ibi tí aṣọ tán sí lọ́wọ́ aránṣọ ni ó ti fi òmíràn bọ̀ ọ́. Níbẹ̀ gan-an ni ọgbọ́n rẹ̀ tayọ.

Irú ọwọ́ yìí náà ni àwọn obìnrin adúláwọ̀ Gee's Bend, ní Alabama ní Amẹ́ríkà, fi ń rán aṣọ ìbora alábùlẹ̀ wọn, èyí tí wọ́n pàtẹ ní Houston ní ọdún 2002. Nítorí náà, ẹ̀yin aránṣọ Lekki àti Ajah, ẹ má da ìrépé yín nù.