Labalábá ọsàn àti ewéko tí kò ní gbòǹgbò: èwo ni yóò là á já?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní labalábá tó fi ara rẹ̀ wé ẹyẹ, kò lè ṣe ìṣe ẹyẹ. Ṣùgbọ́n ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, ẹ̀dá kan wà nílẹ̀ tó yẹ kí a fi labalábá wé. Ewéko kékeré tí wọ́n ń pè ní liverwort ni.

Labalábá ọsàn, Papilio demodocus, dúdú, ó sì ní àmì ìyeyè lára. Orí ewé ọsàn ló ń yé ẹyin sí. Kòkòrò tó bá jáde níbẹ̀ máa ń jọ ìgbẹ́ ẹyẹ, kí ẹyẹ má baà ṣà á jẹ. Bó bá dàgbà, yóò di aláwọ̀ ewé. Ẹni tó bá fọwọ́ kàn án yóò rí ìwo rírọ̀ méjì tó ń rùn.

Ní ti liverwort irú ti Riccia, kò ní gbòǹgbò, kò sì ní òdòdó. Ilẹ̀ tútù ló ń tẹ́ pẹrẹsẹ sí nígbà òjò, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń tẹ̀ ẹ́ kọjá.

Àwọn méjèèjì ló ń pààrọ̀ ìrísí kí wọ́n tó bímọ. Ìyàtọ̀ wọn ni pé akọ labalábá ń fò lọ bá abo, ṣùgbọ́n inú omi ni àtọ̀ liverwort ti ń lúwẹ̀ẹ́ dé ọ̀dọ̀ abo. Bí ilẹ̀ kò bá tutù, kò sí ọmọ.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Láti Ìkòròdú gba Itoikin lọ sí Ẹ̀pẹ́, wọ́n ń fi yanrìn dí àbàtà, wọ́n sì ń da símẹ́ńtì bo àgbàlá. Labalábá lè wá igi ọsàn mìíràn lọ. Liverwort tó ń di erùpẹ̀ mú lọ́wọ́ àgbàrá kò níbi tó lè sá sí.

Ìyẹ́ nìkan kọ́ ló ń gba labalábá là o. Oògùn apakòkòrò tí àgbẹ̀ bá fín sí ọsàn kékeré yóò pa ọmọ rẹ̀ run, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọwọ́ lásán tó láti ṣà wọ́n kúrò.

Liverwort wà nínú ẹ̀kọ́ báyọ́lọ́jì tí JAMB là sílẹ̀. Ó yẹ kí olùkọ́ lè fi í han akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́yìn kíláàsì, kì í ṣe nínú ìwé nìkan. Ẹni tó bá ń kọ́lé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣẹ́ ilẹ̀ díẹ̀ kù fún òjò.