Ìwé Àtijọ́ àti Ẹnu Àgbà
Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, níbo ni ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí òṣómàáló, àwọn Ìjẹ̀ṣà tí ń ta aṣọ láwìn kiri? J. D. Y. Peel, onímọ̀ àwùjọ ẹ̀dá tí ìwé rẹ̀ lórí Iléṣà jáde ní 1983, ka àkọsílẹ̀ ìjọba amúnisìn, ó sì bi àwọn àgbà léèrè. Ó tọ̀nà. Ohun tí ọ̀gá ajẹ́lẹ̀ fẹ́ mọ̀ ni ajẹ́lẹ̀ ń kọ. Ta ni yóò ròyìn bí a ti ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí owó yóò fi jáde, bí kò ṣe ẹni tí ó lóṣòó? Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá kan oyè, àgbà a máa gbè sẹ́yìn ìdílé rẹ̀. Ọjọ́ tí ó wà lára ìwé àtijọ́ ni a ó fi yẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò.