Kí onílé-ìtura tó ra ẹ̀rọ tó ń fọ omi ìdọ̀tí

Ẹni tó bá ń dá òtẹ́ẹ̀lì tàbí ilé oúnjẹ sílẹ̀ ní Festac Town tàbí Amúwo-Ọ̀dọ̀fin kò lè fi ọ̀rọ̀ omi ìdọ̀tí ṣeré. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ kọ́ Festac fún àjọ̀dún àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú ọdún 1977, páìpù abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n ṣe fún ìdọ̀tí, ṣùgbọ́n èrò ti pọ̀ níbẹ̀ ju ti ìgbà náà lọ fíìfíì. Omi abẹ́ ilẹ̀ kò sì jìn ládùúgbò ọ̀hún. Bí òjò bá rọ̀ dáadáa, sókàwé á kún. Èyí ló ń sún oníṣòwò dé ìdí ẹ̀rọ kékeré tó ń fọ omi mọ́, owó rẹ̀ kì í sì í ṣe kékeré.

Ẹ̀rọ náà máa ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú omi kí kòkòrò àìfojúrí tó ń jẹ ẹ̀gbin lè rí ọ́síjìn lò. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ méjì ni afẹ́fẹ́ yìí ń ṣe. Bó ṣe ń kó ọ́síjìn wọlé, bẹ́ẹ̀ ló ń lé kábọ́nì dàyọ́sáìdì tí àwọn kòkòrò náà ń mí síta jáde. Gáàsì yìí kan náà ló ń ta ahọ́n nínú mínírà. Bí ìgò bá pẹ́ ní ṣíṣí, gáàsì á lọ, títa náà á dínkù. Bí kò bá wá rọ́nà jáde nínú omi ìdọ̀tí, omi á máa kan. Òṣùwọ̀n pH ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n: bó bá ti ń wálẹ̀ sí i láti 7, omi ń kan sí i nìyẹn. Ìlànà àyíká tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 1991 sọ pé omi tó ń jáde gbọdọ̀ wà láàrin 6 sí 9.

Ìdá 21 péré nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́ ni ọ́síjìn, ìdí nìyẹn tí àwọn kan lókè òkun fi ń lo ojúlówó ọ́síjìn. Ó yá lóòótọ́, àmọ́ táǹkì tí wọ́n dé pa ni wọ́n sábà máa ń lò kó má baà ṣòfò, gáàsì á sì há síbẹ̀. Àwọn kòkòrò tó ń palẹ̀ àmóníà inú ìtọ̀ mọ́ kò fẹ́ràn omi kíkan rárá. Èyí tó tún le níbẹ̀ ni pé iṣẹ́ wọn gan-an ń mú omi kan: fún gíráàmù kan náítírójìn, wọ́n á lo ọ́síjìn tó gíráàmù 4.57, wọ́n á sì jẹ èròjà tó ń gba omi lọ́wọ́ kíkan, tó tó ẹfun gíráàmù 7.

Kọ̀ǹpútà ni àwọn ẹnjiníà fi ń ṣírò gbogbo èyí kí wọ́n tó mọ bí ẹ̀rọ yóò ṣe tóbi tó. Ìlànà ìṣirò tó gbajúmọ̀ jù, tó jáde ní 1987, gbà pé pH kì í yẹ̀. Nítorí náà, kí ẹni tó fẹ́ ra ẹ̀rọ bi ẹnjiníà rẹ̀ léèrè bóyá ó ka gáàsì àti pH mọ́ ọn, àti wákàtí mélòó tó rò pé iná yóò fi máa lọ lójúmọ́.

Bébà tí wọ́n fi ń yẹ pH wò kò wọ́n. Bí ẹni tó ń bójú tó ẹ̀rọ bá ń tì í bọ omi láràárọ̀, tó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀, yóò ti mọ̀ pé omi ń kan kí òórùn tó bẹ̀rẹ̀, kí àwọn òṣìṣẹ́ LASEPA tó kan ilẹ̀kùn.