Owó Ilé-Ẹ̀kọ́ Gíga ní Amẹ́ríkà: Igi Gogoro, Òkèèrè La Ti Ń Wò Ó



Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìdílé wa ni ó ní ẹbí ní Amẹ́ríkà lónìí. Àwọn mìíràn ti ipa lọ́tìrì físà lọ, wọ́n sì kó aya àti ọmọ dání. Nígbà tí ọmọ wọn bá fẹ́ wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga, ìpè á dé sílé pé ilé-ẹ̀kọ́ méjì gbà á: ká sọ pé ọ̀kan ń gba dọ́là 24,000 lọ́dún, èkejì ń gba 60,000. Àwa tí a wà nílé á ní kí ó yára mú èyí tí owó rẹ̀ kéré. Ìmọ̀ràn náà dára, ṣùgbọ́n kò pé. Ẹ jẹ́ kí a jọ wo bí wọ́n ti ń ṣírò rẹ̀ lọ́hùn-ún.

Lákọ̀ọ́kọ́, iye tí ilé-ẹ̀kọ́ ń dá kì í ṣe owó ẹ̀kọ́ nìkan. Wọ́n ka ilé gbígbé, oúnjẹ, ìwé, ọkọ̀ wíwọ̀ àti ìnáwó kéékèèké mọ́ ọn.

Lẹ́yìn náà, ìdílé á kọ ìwé ìbéèrè tí à ń pè ní FAFSA. Ìjọba á wo owó tí ó wọlé fún àwọn òbí ní ọdún méjì sẹ́yìn, ohun ìní wọn àti iye ènìyàn inú ilé, á sì kọ nọ́ńbà kan fún wọn. Láti ọdún ẹ̀kọ́ 2024–2025 ni wọ́n ti ń pè é ní SAI. Ẹ fi etí sí èyí: nọ́ńbà náà kì í yí padà nítorí pé ilé-ẹ̀kọ́ kan wọ́n ju èkejì lọ. Bí ó bá jẹ́ 6,000, wọ́n á yọ ọ́ kúrò nínú 24,000, àìní ọmọ á sì jẹ́ 18,000. Ní ilé-ẹ̀kọ́ kejì, àìní rẹ̀ á di 54,000. Bí owó ilé-ẹ̀kọ́ ti ń ga, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀tọ́ ọmọ sí ìrànlọ́wọ́ ń ga.

Ǹjẹ́ kí a wá sáré lọ sí èyí tí ó wọ́n? Rárá o. Ẹ̀tọ́ kì í ṣe owó ọwọ́. Ilé-ẹ̀kọ́ púpọ̀ ni kì í dí gbogbo àlàfo náà. Ẹ̀bùn Pell tí ìjọba ń fúnni kì í pọ̀ sí i nítorí ọ̀wọ́n. Ní 2024–2025, èyí tí ó ga jù jẹ́ 7,395. Ọmọ tí SAI rẹ̀ jẹ́ 6,000, tí ó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní kíkún, 1,395 ni tirẹ̀, ibi yòówù kí ó lọ. Ìyókù lè jẹ́ ẹ̀bùn láti ọwọ́ ilé-ẹ̀kọ́, ó lè jẹ́ iṣẹ́, ó sì lè jẹ́ gbèsè tí a óò san pẹ̀lú èlé.

Nítorí náà, ẹ̀bùn nìkan ni kí ẹ yọ kúrò nínú iye owó. Ẹ má yọ gbèsè. Bí ilé-ẹ̀kọ́ 60,000 bá fúnni ní ẹ̀bùn 45,000, ó ku 15,000. Bí èyí tí ó ń gba 24,000 bá fúnni ní 4,000, ó ku 20,000: olówó kékeré ti di ọ̀wọ́n. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀bùn ti àkọ́kọ́ bá jẹ́ 20,000 péré, 40,000 ni ìdílé á wá. Láti 2011 ni òfin ti fi dandan lé e pé kí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wọ̀nyí gbé ohun ìṣírò sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí òbí lè fojú díwọ̀n rẹ̀ ṣáájú. Bí iṣẹ́ bá sì bọ́ lọ́wọ́ òbí lẹ́yìn tí ó kọ FAFSA, kí ó kọ̀wé sí ilé-ẹ̀kọ́, kí wọ́n tún un wò.

Ọ̀rọ̀ kan kù, òun ni ó kàn wá jù nílé níhìn-ín. Ọmọ tí ó ní ìwé àṣẹ láti máa gbé Amẹ́ríkà títí lè gba owó ìjọba yìí. Ọmọ tí ó ti ibí lọ pẹ̀lú físà akẹ́kọ̀ọ́ kò lè gbà á. Òun gbọ́dọ̀ fi hàn, kí ó tó lọ, ibi tí owó rẹ̀ á ti wá. Ilé-ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ lè ràn án lọ́wọ́, ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú wọn ni ó ń ṣe é dáadáa. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ ta ilẹ̀ bàbá yín, pé FAFSA á san ìyókù fún ọmọ tí ń ti Kétu tàbí Ṣábẹ lọ, ẹ má gbọ́ tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ilé-ẹ̀kọ́ kọ iye ẹ̀bùn sílẹ̀ ná, kí ẹ tó fọwọ́ kan ilẹ̀.